Ìdáhùn Tí A Fi Sílẹ̀ Lórí Sáìtì Àtijọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n ròyìn nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ sí mi. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí kò kúrò lọ́kàn mi.

Aránṣọ ni mí ní Ẹdẹ níbí. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà. Lọ́dún tó kọjá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, torí mo fẹ́ kí ìwọ̀n ara àwọn oníbàárà mi wà lójú kan. Orí sáìtì kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ náà ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè ni mo ti kọ́ ọ. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Ìyá Rófíà, tó ń sin adìẹ ní òdìkejì odò.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Rófíà béèrè bí òun ṣe lè fi iye ẹyin òní kún ti àná nínú fáìlì. Ìdáhùn tó wà lókè pátápátá ní kó lo lẹ́tà w nínú àṣẹ tó ń ṣí fáìlì. Ó lò ó. Àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́rin pòórá! Ṣé ẹ rí i, w máa ń nu gbogbo ohun tó wà nínú fáìlì nù kó tó kọ tuntun. Lẹ́tà a ló yẹ kó lò, òun ló ń to tuntun sẹ́yìn ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tó ṣàròyé, ọkùnrin kan lórí sáìtì náà bi í pé ṣé adìẹ rẹ̀ ló ń bá a tẹ̀ ẹ́ ni.

Ó gbé kẹ̀kẹ́ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ìyá Kẹ́mi, a ò lọ síbẹ̀ mọ́. Tiwa la máa ṣe!"

Mo ní ṣé kò sàn ká bá wọn tún tiwọn ṣe?

"Kí n máa gbálẹ̀ fún ẹni tó bú mi? Láéláé!"

Kí n má parọ́, ọ̀rọ̀ náà wù mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń lálàá lójú ọ̀sán. Bí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, tí mo ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ jẹ́jẹ́, màá máa wo sáìtì wa níwájú mi: aláwọ̀ aró, bí àdìrẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá, àwọn obìnrin jókòó yí i ká, ẹnikẹ́ni kò bú ẹnikẹ́ni.

A sì ṣe é lóòótọ́. Ó rẹwà! Èèyàn mọ́kànlá ló wọlé. Èmi á béèrè, Ìyá Rófíà á dáhùn, ibẹ̀ á tún pa rọ́rọ́ bí etí odò Ọ̀ṣun lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn. Mo rò pé àlàáfíà nìyẹn.

Ẹnì kejìlá ni Bùsáyọ̀, ọ̀dọ́bìnrin kan láti ìlú Ara. Ó ní òun ń ṣàkójọ orin tí ìyá òun àgbà máa ń kọ bí wọ́n bá ń bó ẹ̀gẹ́. Ogójì ti wà nínú fáìlì. Ó fẹ́ fi ìkọkànlélógójì kún un, ó sì tẹ̀lé ìdáhùn kan lórí sáìtì àtijọ́. Ọ̀kan ṣoṣo yẹn ló kù. Màmá àgbà náà sì ti ń gbàgbé nǹkan; nígbà mìíràn wọn kì í dá Bùsáyọ̀ fúnra rẹ̀ mọ̀.

Mo tètè fèsì: "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. w yẹn ni. Ohun tó ṣe Ìyá Rófíà náà nìyẹn, òun ló jẹ́ ká kúrò níbẹ̀."

Ó kọ̀wé padà:

"Mà, ṣé ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀? Ẹ sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀?"

Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí a rí àfọ́kù ìgò lójú ọ̀nà, tí a gba ọ̀nà mìíràn, tí a kò ṣà á.

Mo padà sí sáìtì àtijọ́. Lábẹ́ ìdáhùn burúkú náà, mo rí bọ́tìnnì kékeré kan tó ní kí ẹni tó bá rí àṣìṣe dábàá àtúnṣe. Ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí! Èmi tí mo máa ń fi ínṣì méjì sílẹ̀ nínú aṣọ ọmọdé kí wọ́n lè tú u bó bá dàgbà, n kò ronú pé àwọn tó ṣe sáìtì náà lè fi àyè sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo kọ àtúnṣe. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gbà á. Alábòójútó dúpẹ́, ó ní àwọn méjì péré ló ń bójú tó ibẹ̀, ṣé mo lè bá àwọn dá sí i?

Ìyá Rófíà pòṣé. "Ẹ ti lọ bẹ̀ wọ́n!" Mo ní rárá, ìgò ni mo lọ ṣà. Lọ́jọ́ kejì, mo rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lábẹ́ èébú ọkùnrin yẹn: "Adìẹ náà ti dé o. Ó ti tún ìdáhùn yín mẹ́ta ṣe láàárọ̀ yìí."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Bùsáyọ̀ ti padà lọ jókòó ti màmá àgbà, ó ń bá wọn bó ẹ̀gẹ́. Orin mẹ́sàn-án ló ti rí gbà padà. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣì kù. Mo máa ń rò wọ́n bí òjò bá ń rọ̀, orin tí n kò gbọ́ rí.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni má dá tuntun sílẹ̀ o. Tiwa ṣì wà, ibẹ̀ ni àwọn tí ẹ̀rù ń bà ti ń kọ́kọ́ béèrè. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kúrò níbì kan, ẹ tún èyí tí ẹ mọ̀ pé kò tọ́ ṣe, torí ẹlòmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn yín.

Ẹ̀yin ńkọ́? Àṣìṣe wo lẹ ti rí tí ẹ kàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Màá kà á lọ́kọ̀ọ̀kan.