Agolo Ìpara Ètè Bàbá Rẹ̀mí

Bí ẹ bá mọ ìjókòó akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìkẹ́rẹ́, ẹ ó mọ Bàbá Rẹ̀mí. Ìdí òpó ni ó máa ń jókòó sí, fèrè idẹ lórí itan, aṣọ ìnujú funfun lábẹ́ fèrè. Joshua Fágbèmí ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Àkúrẹ́ ni ó ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, tí wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ Èkìtì máa kó bọ̀ wá sí Adó. Òun kò wá ilé sí Adó. Ó kó Mojírádé ìyàwó rẹ̀ àti fèrè rẹ̀ bọ̀ wá sí ilé bàbá rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè, ó sì ń wọ takisí lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀.

Ètè ni ìyọnu rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí a kò rí orí òkè Olósùnta mọ́ láàárọ̀, ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ á là láàárín, ibi tí ẹnu fèrè ń jókòó lé gan-an. Òrí wà, vásílìn wà lọ́jà, ṣùgbọ́n bí ó bá fi wọ́n fọn fèrè, ẹnu fèrè á máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀, ohùn á sì máa gbọ̀n. Olúrẹ̀mí, ọmọ wọn obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ló bá a wá nǹkan ṣe sí i. Ó fi ìpara ètè ránṣẹ́ nínú agolo pẹlẹbẹ kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdérí ìgò lọ. Ó le díẹ̀ bí àbẹ́là, kì í yọ̀, ó sì máa ń tutù lẹ́nu.

Bàbá Rẹ̀mí kì í ti ìka bọ agolo yẹn. Ó ní ìka máa ń kó ju èyí tí ètè fẹ́ lọ, aṣọ ìnujú ni á wá jẹ ìyókù. Ẹ̀yìn igi ìṣáná ló fi ń ha á. Á fi kan ojú ibi tó là, á pa ètè méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Kì í fi ahọ́n lá ètè rárá. Bí ọyẹ́ bá mú débi tí gbogbo wa ń lá ètè bí ewúrẹ́ tó rí iyọ̀, òun á kàn jókòó, á di ẹnu.

Ṣùgbọ́n ta ni í ṣí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láàárín akọrin kí ó jẹ ẹ́ gbé? Ẹ mọ bí a ti ń ṣe. Ẹni kan ṣí ìpara, ìka ti ń yọ láti ẹ̀yìn, láti ẹ̀gbẹ́. Àtinúkẹ́, tó ń bá wa gbe orin lóhùn ìsàlẹ̀, ló jókòó sẹ́yìn rẹ̀.

“Bàbá Rẹ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi díẹ̀ kàn mí.”

“Ṣé ìka nìyí àbí ọkọ́?”

“Ẹ wo ètè mi. Ṣé bí mo ṣe máa yin Olúwa nìyí?”

“Ètè ni mo ní kí o fi kùn. Kí ni apá ń wá níbẹ̀?”

“Èyí tó ṣẹ́kù ni mo fi ra apá. Ṣé kí n nù ún dànù ni?”

Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, agolo á sì lọ káàkiri. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tí kì í fi í sílé. Ó ní, “Ìyá Fisáyọ̀, ojú á tì mí láti pa agolo dé mọ́ ènìyàn lójú, kí n tún wá ṣí ìwé orin.”

Ní ọdún kẹta tí a di ìpínlẹ̀, àìsàn dá Mojírádé wólẹ̀. Inú ni. Wọ́n gbé e lọ gbé e bọ̀ títí òjò fi lọ. Nígbà tí ọyẹ́ máa fi dé, dókítà ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. A mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, a kò kàn sọ ọ́ jáde. A gba ààwẹ̀. A dúró yí ibùsùn rẹ̀ ká, a kọrin, a gbàdúrà. Ó ń rù sí i.

Oúnjẹ kò wọlé mọ́, omi ń wọlé ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan. Ẹnu ló fi ń mí, ètè rẹ̀ sì gbẹ, ó bó bí èèpo àlùbọ́sà. Bí wọ́n bá gbé òrí súnmọ́ ọn, òórùn rẹ̀ á mú kí ó máa bì. Lọ́jọ́ kan Bàbá Rẹ̀mí mú agolo rẹ̀, ó fi igi ìṣáná ha á, ó sì fi kùn ún lẹ́nu. Mojírádé la ojú.

“Ó tutù,” ni ó wí. “Ẹ tún un ṣe.”

Láti ọjọ́ náà, kò bèèrè oúnjẹ, kò bèèrè oògùn. Ìyẹn nìkan ni ó ń bèèrè.

Ohun tó wá mú ọ̀ràn náà le ni fèrè ọdún tuntun. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún, Bàbá Rẹ̀mí á dúró lórí àtẹ̀gùn níta, á fọn orin kan ṣoṣo, gbogbo ìsàlẹ̀ òkè á sì gbọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti kó bọ̀ wálé, Mojírádé kì í kí ẹnikẹ́ni kú ọdún kí ó tó gbọ́ fèrè náà. Nísinsìnyí ó dùbúlẹ̀, ó ní, “Bí mo bá ti gbọ́ fèrè yín, mà á mọ̀ pé mo rí ọdún.”

Ètè méjì ló wà, agolo tí ó ti lọ káàkiri láàárín akọrin sì ti ń fi ìdí hàn. Ètè Bàbá Rẹ̀mí ti là, nítorí ó ń fọn orin náà lójoojúmọ́ kí ó má bàa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lọ sí Adó lọ fi tẹlifóònù bá Rẹ̀mí sọ̀rọ̀. Rẹ̀mí sunkún, ó ní òun ti di òmíràn fún ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé. Ìgbà wo? Lẹ́yìn ọdún.

Èmi gbàdúrà fún ètè rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó lè dà bí àwàdà. Mo ti bẹ Ọlọ́run fún ẹ̀mí obìnrin náà, mo sì ti ń rí ibi tí ìyẹn ń lọ. Mo wá ní kí n bèèrè ohun kékeré: ètè tó là, kí ó pa pọ̀, kí ó fọn orin kan. Mo rò pé kékeré kò lè ṣòro.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún, mo gbé omi ọsàn lọ fún wọn. Bàbá Rẹ̀mí ń yá agolo náà lórí àtùpà kí èyí tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ lè yọ́ wá sí ojú kan. Ó fi igi ìṣáná kó o.

“Ẹ fi ìyẹn sí tiyín,” ni Mojírádé wí. “Ẹ̀yin lẹ máa fọn fèrè lọ́la.”

“Mo ti ya tèmi sọ́tọ̀.”

“Níbo?”

“Mojí, pa ẹnu rẹ pọ̀ kí n kùn ún.”

“Irọ́ lẹ ń pa. Akọrin ṣọ́ọ̀ṣì!”

Mojírádé rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì fa ètè rẹ̀ ya. Ohun tó wà lórí igi ìṣáná, ojú ibi tó ya ni gbogbo rẹ̀ bá lọ. Bàbá Rẹ̀mí nu inú agolo pẹ̀lú ìka rẹ̀, ó wo ìka náà, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Òrí ni ó fi pa ètè tirẹ̀ sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, gbogbo akọrin dúró níta ṣọ́ọ̀ṣì, a fi aṣọ bo etí nítorí otútù. Bàbá Rẹ̀mí nu òrí kúrò, ó gbé fèrè sẹ́nu. Ohùn àkọ́kọ́ jáde, ó mọ́. Èkejì gbọ̀n. Lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́ nìkan ló ń jáde, bí ẹni ń fẹ́ iná tútù. Ó tún un gbé sẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ ti wà lẹ́nu fèrè. Ó tún un gbé. Kò sí ẹni tó mọ ohun tí a lè ṣe fún un. Àtinúkẹ́ bẹ̀rẹ̀ orin náà, a gbè é, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ti gba ohùn lọ́fun gbogbo wa. Ohùn wa kò lè dé títì, ká má tíì sọ ti ìsàlẹ̀ òkè.

Èmi àti Àtinúkẹ́ bá a lọ sílé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, fèrè lábẹ́ apá, kò lè wọlé.

Mojírádé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ẹ kú ọdún,” ni ó wí. “Mo gbọ́ ọ.”

“Kí lo gbọ́, Mojí?”

“Mo ní mo gbọ́ ọ. Mo ti rí ọdún.” Ó wo ojú rẹ̀. “Ẹ nu ẹnu yín.”

Mo mọ bí ṣọ́ọ̀ṣì ti jìnnà sí ilé yẹn tó. Mo mọ ohun tó jáde lẹ́nu fèrè. Mo gbà pé Ọlọ́run lè gbé e dé etí rẹ̀, mo sì gbà á tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè gbé ìyẹn, ṣé ètè ni kò lè dì mú? N kò tíì rí ẹni bi.

Mojírádé kú kí oṣù náà tó parí. Lẹ́yìn ìsìnkú ni ẹrù Rẹ̀mí dé, agolo ìpara ètè tó kún àpò. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Bàbá Rẹ̀mí ṣí ọ̀kan, ó gbé e sórí ìjókòó láàárín wa, ìpara náà kún dé etí, ìka kankan kò tíì kàn án. Ọyẹ́ kò tíì lọ. Mo rí i tí Àtinúkẹ́ fi ahọ́n lá ètè rẹ̀ tó gbẹ, tó sì ká ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ ìwé orin.

“Ẹ mú,” ni Bàbá Rẹ̀mí wí. “Ó pọ̀.”

Ẹnikẹ́ni kò na ìka.