Ìlà Kan Tí Bàbá Atọ́ka Ò Jẹ́ Kí Wọ́n Pa Rẹ́

Ẹ má rẹ́rìn-ín o: Bàbá Atọ́ka ná ìlà kóòdù rí bí ẹni ń ná bàtà.

Ètò kọ̀ǹpútà tó ń tú fọ́ọ̀mù JSON, ìyẹn ìwífún tí wọ́n tò bí kọ̀ǹpútà ṣe lè kà á, tó ń fi ohun kọ̀ọ̀kan sáyè rẹ̀, ni iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá, tó ti di olóògbé báyìí. Nígbà míì, ètò náà ò ní bá àyè gan-an, atọ́ka ló máa bá, bíi bébà tó ní "lọ wò ó ní yàrá kejì." Bàbá wá kọ ìbéèrè kan náà síbi ogójì: "Ṣé atọ́ka nìyí? Ṣé nǹkan wà níbẹ̀?" Ibì kan ṣoṣo ló gbàgbé. Ibẹ̀ gan-an ni ètò dákú sí láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí fọ́ọ̀mù ọmọ ilé ìwé kan tí kò ní nọ́ńbà fóònù wọlé. Ètò yìí ló sì ń pín ìjókòó ìdánwò; ìdánwò dọ̀la, igba ọmọ ò tíì mọ ibi tí wọ́n máa jókòó.

Ìyá Ìbejì, alábàáṣiṣẹ́ Bàbá tí tábìlì àwọn méjèèjì kángun síra, lọ bá a.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká béèrè lẹ́ẹ̀kan péré, lẹ́nu ọ̀nà. Tí fọ́ọ̀mù bá ní kò sí, ká fi atọ́ka sílẹ̀ lófìfo. Tó bá wà, ká tẹ̀ lé e dé àyè gidi. Ká wá pa ogójì yẹn rẹ́."

"Ogójì kẹ̀? Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà!"

"Kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan náà nígbà ogójì, sà."

"Pa méjì."

"Bàbá! Àwọn ọmọ ń dúró o."

"Ó dáa, márùn-ún. Má sọ mí di ẹlẹ́yà."

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ó ti gbà fún mọ́kàndínlógójì. Ó fọwọ́ bo ẹyọ kan tó kù lójú kọ̀ǹpútà. Ètò ṣiṣẹ́ geere, àwọn ọmọ ríbi jókòó, Bàbá sì ń yan kiri pé òun ló jàre.

Ìyàwó rẹ̀ ní bó ṣe ń ṣe nílé náà nìyẹn. Á kan ilẹ̀kùn yàrá ara rẹ̀: "Ṣé èèyàn wà níbẹ̀?"

"Bàbá ọmọ mi, àwa méjèèjì la dúró síta yìí!"

"Kò burú kéèyàn béèrè."

Lọ́sẹ̀ tí wọ́n sin ín, Ìyá Ìbejì ṣí kóòdù náà láti pa ìlà tó kù rẹ́. Bàbá ti kọ ọ̀rọ̀ sórí rẹ̀: "Mo mọ̀ pé kò wúlò. Ìyá Ìbejì ló jàre. Ẹ má sọ fún un kí ẹ tó sin mí."

Ẹ̀rín pa á títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ka ìbéèrè inú ìlà náà lẹ́ẹ̀kan sí i: "Ṣé nǹkan wà níbẹ̀?"

"Ó wà, Bàbá," ló dáhùn. Ó ti kọ̀ǹpútà náà pa, ó sì fi ìlà yẹn sílẹ̀ síbẹ̀.