Ohun tí Fóònù Akunlé Mọ̀

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà, ìpolówó mọ́kànlélógún wọ orí fóònù ọkùnrin kan tó ti kú. Mẹ́rìnlá nínú wọn jẹ́ ti oògùn àyà.

Ìyàwó rẹ̀, alágbàfọ̀ kan, ló wà nídìí fóònù náà. Ilé ni ọkọ rẹ̀ ń kùn, Akunlé sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Lẹ́nu iṣẹ́ ló ṣubú lulẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo èèyàn ní ikú òjijì ni. Obìnrin náà gbà bẹ́ẹ̀, ó sì fi ń tu ara rẹ̀ nínú: ọkọ òun kò jìyà, kò sì fi ohunkóhun pa mọ́ fún òun.

Ṣùgbọ́n fóònù kò dákẹ́. Bí obìnrin náà bá ń lọ aṣọ oníbàárà lọ́wọ́, iná á tàn lójú fóònù: "Ṣé àyà máa ń fún ọ pinpin bí o bá ń gun àtẹ̀gùn?" Ta ló ń bá òkú sọ̀rọ̀?

Ó gbé e lọ bá àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìpolówó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé fóònù òkú lẹ gbé wá sí ọ́fíìsì mi?"

"Pa ẹnu ẹ dé, aláìnítìjú. Ta ló ń bi ọkọ mi ní ìbéèrè?"

Àbúrò tẹ fóònù náà, ó wo gbogbo ohun tí Akunlé ti wá lórí rẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ẹ̀rọ ni. Ohun téèyàn bá ń wò lórí ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́, ibi tójú ẹ̀ bá ti pẹ́, wọ́n ń kó o jọ. Àwa la máa ń rà á, káwọn olóògùn lè mọ ẹni tí wọ́n máa polówó fún. Láti ọdún tó kọjá ni bọ̀ọ̀dá ti ń wá ọ̀rọ̀ àyà kiri."

"Irọ́! Níbo ló ti ń wá a tí mi ò rí i?"

"Nílé yín ni. Ìrọ̀lẹ́, tó bá ti ibi iṣẹ́ dé."

Obìnrin náà jókòó. Ìrọ̀lẹ́ ni Akunlé máa ń dúró láàárín àtẹ̀gùn, tí á tẹjú mọ́ fóònù, tí òun á sì máa pariwo látòkè: "Olówó orí mi, ṣé àtẹ̀gùn lẹ fẹ́ fi ṣe ìyàwó kejì ni?" Ọkùnrin náà á ní bọ́ọ̀lù lòun ń wò.

"Ẹ̀yin oníìpolówó mọ̀ pé ó ń kú lọ."

"A ò mọ ẹni tó jẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tá a mọ̀ ni pé ó lè ra oògùn."

"Ṣé ó rà á?"

"Rárá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n ṣì fi ń wá a."

Àbúrò ní òun á pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ẹ̀gbọ́n já fóònù gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó ta ọ̀rọ̀ àyà ọkọ rẹ̀ mọ̀, ẹni tó rà á mọ̀. Ẹni tó ń fọ ẹ̀wù ọkùnrin náà nìkan ni kò mọ̀.

Ní báyìí, fóònù obìnrin náà fúnra rẹ̀ ti ń béèrè bóyá kì í rí oorun sùn. Ó ń tẹ ìdáhùn sí i. Kò tíì sọ ọ́ fún àbúrò rẹ̀.

Ìwọ tí ò ń kà á, ẹnì kan wà tí ẹ jọ ń gbé. Ohun tí o ti sọ fún fóònù rẹ, dìde, lọ sọ ọ́ fún un.