Rẹ Ni àbí Rẹ́?

Tí ẹ bá rí ìwé tí àbúrò mi obìnrin ti kà nípa igi eléso, ẹ ó rò pé inú ọgbà ni wọ́n bí i sí. Irọ́ ni. Ilé alájà la dàgbà sí, ata tí màmá wa gbìn sínú ike lójú fèrèsé nìkan ni oko tá a ní. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ fi ọwọ́ kọ́ iṣẹ́ igi gbígbìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọgbà tó máa gbà á. Ibi púpọ̀ ló ti kọ̀ ọ́ kí Màmá Ọgbà, obìnrin tó ń tọ́ ọmọ igi fún títà, tó gbà á.

"Ọmọ ìwé," obìnrin náà wí, "ẹnu yín máa ń ju ọwọ́ yín lọ. Jẹ́ n wò ẹ́ ná."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun àbúrò mi wọra. Láti ọjọ́ náà, kò bi í ní nǹkan kan mọ́. Agídí ni, ìdílé wa ló ti jogún ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Màmá Ọgbà rìnrìn àjò, àwọn ọmọ igi ọsàn dé láti ọ̀nà jíjìn, gbòǹgbò wọn ti gbẹ nínú àpò. Àtẹ̀jíṣẹ́ Màmá Ọgbà wọlé sórí fóònù àbúrò mi: "Re gbongbo won ki o to gbin won." Ta ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù? Ohun tí obìnrin náà ní lọ́kàn ni kó rẹ wọ́n sómi, bí a ṣe ń rẹ ẹ̀wà. Àbúrò mi kà á sí rẹ́, bí a ṣe ń rẹ́ ẹ̀ka igi. Ó ṣiyèméjì díẹ̀. Abèèrè kì í ṣìnà, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ìtìjú kì í jẹ́ ká bèèrè. Ó mú àlùmọ́gàjí, ó rẹ́ gbogbo wọn.

Nígbà tí Màmá Ọgbà dé, ó bá àgékù gbòǹgbò nílẹ̀. Ó gba fóònù àbúrò mi, ó ka ọ̀rọ̀ tara ẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Èmi ni mo kọ ọ́ báyìí. Àmọ́ ṣó dá ẹ lójú?"

"Rárá, mà."

"Kí ló dé tó ò pè mí?"

"Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ sọ pé mi ò mọ nǹkan kan."

"Máa tọ́jú wọn. Tí wọ́n bá kú, kó o wá ibòmíì lọ."

Àbúrò mi sunkún nígbà tó délé, mi ò sì lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àràárọ̀ ló ń lọ ta ìbòòji lé wọn lórí, tó ń wọ́n omi sí wọn. Àwọn kan kú. Èyí tó pọ̀ jù rúwé.

Lọ́jọ́ kan tá a ń ká aṣọ, fóònù rẹ̀ dún: "Omo igi tuntun ti de. Wa re gbongbo won." Ó tẹ Màmá Ọgbà láago lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́, mà, rẹ ni àbí rẹ́?"

Mo na etí sí fóònù náà.

"Rẹ ni, sínú omi. Tètè máa bọ̀, ọmọ iṣẹ́ mi."