Wọ́n Ń Dúpẹ́, Orí Ń Fọ́ Mi

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe sàráà fún mi nílé wa ládùúgbò Madina. Ó ní ó ti pẹ́ tí wárápá ti gbé mi ṣánlẹ̀ gbẹ̀yìn, ó yẹ ká dúpẹ́. Àwọn ààfáà jókòó, wáákyé ń gbóná nínú abọ́, gbogbo èèyàn ń kí mi kú oríire. Èmi tí wọ́n ń dúpẹ́ lé lórí ò lè lajú.

Gílóòbù iná ni mò ń tà lọ́jà Okaishie, mo mọ ìmọ́lẹ̀. Èyí tó máa ń ṣáájú wárápá mi rí roboto, ó ní àwọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, kì í pẹ́ tó fi ń lọ. Ti ọ̀sán yẹn rí ṣóńṣó-ṣóńṣó bí eyín ayùn, kò láwọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ létí ojú òsì, ó ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Túúlu nìyẹn, orí fífọ́ tó máa ń dá èèyàn dùbúlẹ̀. Gbogbo ohun tí mo rí nípa rẹ̀ lórí fóònù ni mo ti kà. Ó máa ń bá ọ̀pọ̀ àgbà tó ní wárápá gbé, ìsoríkọ́ náà sì ń bẹ níbẹ̀. Ìsoríkọ́ tèmi kì í mú mi sunkún. Ńṣe ló máa ń dì mí mọ́ ẹní, tí ayé á sú mi, tí mi ò ní lè ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Mo wọ yàrá, mo fi gèlè bojú. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ lé mi.

“Wọ́n ń ṣàdúà fún ọ, o wá dùbúlẹ̀. Ṣé sàráà òkú là ń ṣe ni?”

“Orí ń fọ́ mi.”

“Orí ta ni kì í fọ́? Ṣé o ṣubú ni?”

Ìbéèrè kan ṣoṣo tí wọ́n ní fún mi nìyẹn. Mo lè bì títí, mo lè má wẹ̀, ara mi yá lójú wọn níwọ̀n ìgbà tí mi ò bá ti ṣubú. Nílé ìwòsàn pàápàá, ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń gba ọ̀rọ̀ sọ: “Kò ṣubú mọ́ o, dókítà.” Dókítà á tún kọ oògùn kan náà. Bẹ́ẹ̀, mo ti kà á pé àwọn oògùn wárápá kan lè mú ìsoríkọ́ le sí i.

Nígbà tí a padà lọ sílé ìwòsàn, ẹ̀gbọ́n mi tún ti lanu.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síta.”

“Èmi tí mò ń tọ́jú rẹ?”

“Ẹ̀yin náà ni.”

Ó jáde. Mo kọjú sí dókítà. “Mi ò ṣubú, ṣùgbọ́n ara mi ò yá.” Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ìmọ́lẹ̀ eyín ayùn. Nígbà tí mo dórí ayé tó sú mi, ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí n máa sọ ọ́ lọ.

Lọ́nà ilé, ẹ̀gbọ́n mi fìbínú rìn síwájú mi. Èmi náà ò bẹ̀ ẹ́.