Oúnjẹ Tó Pa Ahọ́n Bàbá Kékeré

Ìyá mi kì í jẹ oúnjẹ tí kò bá fojú ara rẹ̀ rí lórí iná. Bí wọ́n bá pè é síbi ìnáwó, á lọ, á jókòó, á kí tọmọdé tàgbà, á gba abọ́ ìrẹsì tí wọ́n bá gbé fún un, á sì rọra tì í sábẹ́ àga títí adìẹ onílé yóò fi bá a jẹ ẹ́. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ̀ ọ́n mọ́ ìwà yìí. Wọ́n a ní inú rẹ̀ kò gba oúnjẹ òde. Ọ̀rọ̀ náà ju inú lọ. Kí wọ́n tó bí mi, ó ní ọmọbìnrin kan tó jẹ àkàrà níbi ìsìnkú nírọ̀lẹ́, tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò sì mọ́ bá a. Dókítà ní onígbáméjì ni. Ìyá mi ní òun kò bá dókítà jiyàn, ṣùgbọ́n òun mọ ẹni tó gbé àkàrà náà fún ọmọ òun. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣọ́ ìkòkò.

Bó ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Nígbà tí ẹgbẹ́ mi bá ń ra nǹkan jẹ lẹ́nu géètì ilé-ìwé, èmi a dúró máa wo ọwọ́ olóúnjẹ. Títí di òní, n kò lè jẹ mọ́ínmọ́ín ẹni tí n kò mọ ilé rẹ̀. Àwọn ọmọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo sì ń wò wọ́n.

Irú ilé yìí ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin mú ìyàwó wá láti ilẹ̀ Ṣáínà.

Ìjọba ló rán an lọ kàwé níbẹ̀ ní 1985. Nígbà tó padà dé lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ó ríṣẹ́ olùkọ́ sí pólì tó wà ní Ọ̀wọ̀ níbí. A ti gbọ́ pé ó gbéyàwó lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n a rò pé ọ̀hún náà ni ọ̀rọ̀ yóò parí sí. Obìnrin náà kéré, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ dáadáa. Ó ń pè mí ní "ànti" bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jù mí lọ, nítorí ọmọ ilé ni mí. Kò sí ibi tí a lè nawọ́ sí pé ó kù díẹ̀ káàtó, ìyẹn gan-an ló sì ń kọ ìyá mi lóminú. Ó ní ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe tó báyìí, ó ní ohun tó ń fi bò.

Ìyàwó náà gbé àpótí kan dání tó jẹ́ kìkì nǹkan ọbẹ̀. Ata gbígbẹ wà níbẹ̀, pupa fòò. Ẹ̀wà dúdú kan wà tí wọ́n ti bò títí tó fi ń rùn. Àpò kékeré kan sì wà tí èèpo èso wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀, wọ́n pọ́n rúsúrúsú, wọ́n là sí méjì bí ẹnu ọmọ ẹyẹ. Ìyá mi kò ní nǹkan sọ sí ata. Ó gbóòórùn ẹ̀wà dúdú, ó ní irú ni, kí ló dé tí ènìyàn á fi gbé irú la òkun kọjá. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ èèpo èso yẹn, ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi.

"Kí rèé?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní ata kan ni, àmọ́ kì í ta bí ata.

"Ata tí kì í ta, uṣẹ́ wo ló ń ṣe nínú ọbẹ̀?" ìyá mi fi èdè Ọ̀wọ̀ béèrè.

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Èmi àti ìyá mi kò rẹ́rìn-ín.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ìlú ìyàwó rẹ̀ fún wa, ìlú kan lápá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà, níbi tí oòrùn kì í sábà ràn, tí wọ́n sì ń jẹ ata ju àwa lọ. Ó ní bí àlejò bá dé ibẹ̀, wọn kì í ní kó lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ̀bá títì ni wọ́n ń darí rẹ̀ sí nírọ̀lẹ́. Ọkùnrin kan á gbé ọ̀pá lé èjìká, ààrò á rọ̀ ní ìpẹ̀kun kan, abọ́ àti ìyẹ̀fun tí wọ́n nà gbọọrọ bíi sùpàgẹ́tì á rọ̀ ní ìpẹ̀kun kejì. Á bù ú fún ọ lórí ìdúró, pẹ̀lú òróró pupa, ẹran lílọ̀ àti ẹ̀pà. Níwájú díẹ̀, wọ́n á ti gún ẹran àti ẹ̀fọ́ mọ́ igi bíi ti sùyà, wọ́n á rì í sínú ọbẹ̀ tó ń hó, tó pọ́n bí osùn. Wàrà tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe tún wà, tí wọ́n ń sè mọ́ ata, tó máa ń yọ́ lẹ́nu. Ìyá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó wá béèrè ẹni tó ń ṣọ́ àwọn tó ń sè é.

Nílé wa, ìyàwó tuntun a máa se oúnjẹ kan fún gbogbo ẹbí. Jíjẹ ti ìyá ọkọ ló ṣe pàtàkì. Bó bá ti jẹ ẹ́, ìyàwó ti di ọmọ ilé. Bí kò bá jẹ ẹ́, ẹnikẹ́ni kò ní sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ti mọ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi ni tìyàwó wa bọ́ sí. Oúnjẹ gbọọrọ ẹ̀bá títì yẹn ló sè, lẹ́yìnkùlé wa. Ìyá mi gbé àpótí ìjókòó ka iwájú ààrò, kò sì dìde. Ó rí bó ṣe po ìyẹ̀fun, ó rí bó ṣe gé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ó sì rí i nígbà tó yan èèpo èso yẹn nínú agbada, tó lọ̀ ọ́ kúnná, tó wá wọ́n ọn sórí oúnjẹ tó ti jinná. Ó wò mí. Mo mọ ohun tó ń rò. Ohun tí wọ́n ń wọ́n sórí ọbẹ̀ tó ti jinná kò ní ojúlówó ìdí.

Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ló jókòó sípò bàbá mi láti ìgbà tí ìyẹn ti kú. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó sì fẹ́ràn ẹran. Ìyá mi ṣì ń fa àdúrà gùn nígbà tí òun ti bẹ̀rẹ̀. Ó jẹ ṣíbí kan, ó ní ó dùn. Ó jẹ òmíràn. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó gbé ṣíbí sílẹ̀ rọra, ó fi ìka kan ètè rẹ̀.

"Ahọ́n mi ti kú."

Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ka àkọsílẹ̀ ìpàdé. Ìyá mi ti dé ìdí epo pupa. Ó bù ú kún ife, ó gbé e sí i lẹ́nu, Bàbá Kékeré sì gbé e mu, díẹ̀ sí ọ̀fun, díẹ̀ sí bùbá funfun tó wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀gbọ́n mi ń ké pé òun ti sọ ọ́, pé bí èèpo èso yẹn ṣe ń ṣe ahọ́n nìyẹn, kò ní pẹ́ lọ. Òótọ́ ni pé ó ti sọ ọ́, ṣùgbọ́n inú àdúrà ló ti sọ ọ́, ta ló ń gbọ́? Ìyàwó wa wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá gbé abọ́ Bàbá Kékeré, ó jẹ ẹ́ tán lójú gbogbo wa, ó sì lá ṣíbí.

Ìyá mi sọ ọ́ sí mi létí. "Ẹni tó mọ oró, ó mọ ẹ̀rọ̀ rẹ̀."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Bàbá Kékeré ti ń jẹ iyán. Ìgbẹ́ gbuuru tó ṣe é lọ́jọ́ kejì, epo ló fà á, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá mi? Ọ̀rọ̀ ti dé ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin kan ní ajá ni ẹran tí wọ́n fi sè é, òun alára sì ni a mọ̀ pé ó ń jẹ ajá nílé àna rẹ̀ ní Oǹdó. Ìyá mi kò jẹ oúnjẹ náà. Gbogbo ènìyàn sì mọ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n rò pé ìfẹ́ ni. Ìyá mi ló ní kí n lọ máa wo ọghọ́ obìnrin náà, bó ṣe máa ń pe ọwọ́ ní èdè Ọ̀wọ̀ tiwa. Mo jókòó sínú ilé ìdáná rẹ̀, mo ń wò. Mo wò ó bó ṣe ń lọ ẹ̀wà sóyà, tó ń sẹ́ ẹ, tó ń sè é títí tó fi dì. Ó máa ń bu díẹ̀ fún mi, mo máa ń ní mo ti yó. Nígbà tó lóyún, mo rí i pé ó so nǹkan kan mọ́ etí hánkáṣíìfù, tí èébì bá fẹ́ gbé e, á gbé e sí imú. Mo sáré gbé ìròyìn yẹn délé. Ìyá mi ní òun kúkú mọ̀.

Oyún náà ló sọ ọ̀rọ̀ di ńlá. Ẹ̀gbọ́n mi wá bá ìyá mi lọ́jọ́ kan, ó dúró, kò jókòó.

"Màmá, ta ló máa wẹ ọmọ yìí?"

"Mo lè wá wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀, kí n padà sí ulé mi lọ jẹun."

"Ìyàwó mi ò ní ìyá nítòsí. Bí ẹ ò bá lè gbélé mi kí ẹ jẹ oúnjẹ rẹ̀, màá gbé wọn lọ sí Èkó. Ọmọ náà á dàgbà síbẹ̀."

Ọmọ-ọmọ àkọ́kọ́ tí ìyá mi máa ní nìyẹn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi lọ tán, ó mú ìgbálẹ̀, ó sì ń gbá àgbàlá tó ti gbá láàárọ̀. Ẹ̀rù ń bà á. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, ṣùgbọ́n mo ṣì ń rántí hánkáṣíìfù yẹn.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, ìyàwó wa wá kí ìyá mi. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ ṣáá, kò tiẹ̀ lè kí tán kó tó sáré lọ tu ú. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni ìyá mi jókòó sí, ó ń run orín àta rẹ̀. Lára igi àta tó wà lóko wa ní Imoru ni wọ́n ti ń gé e wá fún un, òun nìkan ló sì kù tó ń fi í fọ eyín nínú ilé wa. Bàbá Kékeré ti ń lo búrọ́ọ̀ṣì láti ọjọ́ tó ti wọṣẹ́ ìjọba. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, ilé-ìwé la ti kọ́ tiwa. Ìyá mi wo obìnrin náà bó ṣe ń tutọ́, ó ṣẹ́ díẹ̀ lára orín tútù, ó nà án sí i. Yorùbá ilé-ìwé ló fi bá a sọ̀rọ̀, bó ṣe máa ń bá àlejò sọ̀rọ̀.

"Gbà, fi sẹ́nu. Á dá itọ́ náà dúró."

Ìyàwó wa fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó fi sẹ́nu. Kò gbóòórùn rẹ̀. Kò wo ojú ìyá mi, kò wo ojú mi.

Ó run ún díẹ̀, ó wá dúró. Ó yọ ọ́, ó tẹjú mọ́ ọn, ó dá a padà sẹ́nu. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú rẹ̀. Ìyá mi ti dìde.

"Orín lásán ni! Èmi náà ń run ún, wò ó!" Ó sì já èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ, ó ń run ún kíkankíkan lójú obìnrin náà, ó ń nà án hàn mí pé kí n jẹ́rìí. Abọ́ Bàbá Kékeré ni mo rántí.

Ìyàwó wa ń mi orí. Ó nawọ́ sí ahọ́n rẹ̀. "Ó kú," ló wí. "Ó kú. Bíi tilé mi." Ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó tú etí hánkáṣíìfù rẹ̀, èèpo èso pupa wẹ́wẹ́ yẹn ló wà níbẹ̀. Ó bu méjì sí àtẹ́lẹwọ́, ó nà án sí ìyá mi.

Ìyá mi wò ó fún ìgbà pípẹ́. Mo rò pé kò ní gbà á. Ó mú ẹyọ kan, ó fi eyín iwájú gé e bí ẹni tó ń dán owó wò. Mo rí i tó ń yí ahọ́n kiri nínú ẹnu.

"Àta ni," ló wí. "Láti ìgbà tí mo ti dàgbà ni ẹnu mi ti ń kú láràárọ̀, mi ò mu epo sí i rí." Lẹ́yìn náà ló tún bojú jẹ́. "Ta ló gbé àta wa dé ọ̀dọ̀ wọn?"

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ìyá mi kò jẹ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì jẹ nǹkan kan títí oyún fi pé oṣù. Nígbà tí wọ́n bí ọmọbìnrin kan, ó ní òun máa lọ wẹ ọmọ, ṣùgbọ́n èmi ni mo ru ẹrù rẹ̀, mo sì mọ ohun tí mo rù. Kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú wà níbẹ̀. Ìkòkò rẹ̀ wà níbẹ̀, iṣu rẹ̀, ṣíbí rẹ̀, títí dórí iyọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rí ìkòkò náà lẹ́nu àpò, ojú rẹ̀ sì le. Kò kí wa dáadáa. Mo rò ó nínú mi pé Èkó ti dé nìyẹn.

Ìyá mi wẹ ọmọ, ó nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀, ó gbé e lé itan, ó jókòó sórí ibùsùn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìyàwó wa dìde, ó ń rìn jẹ́jẹ́, ó wọ ilé ìdáná. A gbọ́ nígbà tó gbé agbada kaná. Kò pẹ́ tí òórùn èèpo èso yíyan yẹn fi gba inú ilé. Ìyá mi kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, kò sì yíjú. Èmi dìde, bí mo ṣe máa ń ṣe.

"Níbo lò ń lọ?"

"Mo fẹ́ lọ wo ọwọ́ rẹ̀."

"Jókòó."

Mo dúró. N kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó ń tún aṣọ ọmọ náà ṣe, kò gbójú sókè.

"Ó gba nǹkan lọ́ghọ́ mi," ló wí, "kò wo ojú mi kó tó fi sẹ́nu."

Mo jókòó. Nígbà tí ìyàwó wa gbé abọ́ dé, ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, kò sì jáde. Ìyá mi gbé ọmọ fún mi. Ó jẹ ṣíbí kan, ó tún jẹ òmíràn, ó ń jẹ lọ. Ó wá fi ìka kan ètè rẹ̀. "Ahọ́n mi ti kú," ló wí, ó sì na abọ́ sí ìyàwó wa, ó fi èdè Ọ̀wọ̀ sọ fún un pé kó bù sí i.