Wọ́n Pòṣé sí Mi Nílé Ìkàwé

Nígbà tí mo wá wáṣẹ́ sí Èkó, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo dé sí ní Kétu. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ aṣọ́lé lóru, ojú ọ̀sán ló ń sùn, nítorí náà bó bá ti ń wọlé láàárọ̀, èmi náà ń jáde nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lé mi o, àmọ́ ìhanrun ọkùnrin náà tó láti lé ènìyàn dé Ọ̀jọ́ta.

Mo máa ń de táì, kí n kó ìwé ẹ̀rí mi sábíyá, kí n máa yà láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì ní Ògùdù. Bí wọ́n bá ti lé mi tán, ibo ni kí n jókòó sí? Ní búkà, wọ́n á bi mí pé kí ni mo fẹ́ jẹ. Níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní mò ń dínà ọjà. Ojú mi rí nǹkan.

Ọjọ́ kan ni mo rí ilé ìkàwé ìjọba kan ní Ìkòsì, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, fáànù ń yí. Mo bi ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pé èló ni wọ́n ń gbà.

"Ọ̀gá, free ni. Ẹ ṣáà wọlé."

Mi ò gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n bí a ò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Bí ọ́fíìsì ò bá fún mi níjòókòó, èyí náà ṣáà níjòókòó. Mo wọlé. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni mí, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá kan tó ń ka ìwé ìròyìn, mo gbóhùn sókè: "Ẹ káàsán o! Ẹ kú ìkàwé o!"

Obìnrin tó ń tọ́jú ìwé gbójú sókè. "Ṣṣṣṣ!"

Nílùú wa, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ síni ti pòṣé síni nìyẹn. Inú bí mi, torí ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ kì í pẹ́ bínú.

"Aunty, kí ni mo fi ṣe yín tí ẹ fi ń pòṣé sí mi?"

"Ṣṣṣṣ!"

Mo fìbínú jáde, táì mi ń fẹ́ lẹ́lẹ́. N kò tíì rìn jìnnà tí oòrùn fi bá mi sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Mo padà. Bàbá oníwèé ìròyìn kàn na ìka sí ògiri, níbi tí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí pé kí olúkúlùkù dákẹ́. Èmi tí mo kó ìwé ẹ̀rí sábíyá ni mi ò rí i kà.

Láti ọjọ́ náà, ibẹ̀ di ibùjókòó mi. Mo máa ń gbé ìwé ńlá kan lórí ìtọ́jú adìẹ síwájú, kí n sùn lé e lórí. Kò sẹ́ni tó bi mí ohun tí mo fẹ́ rà. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo ti ríṣẹ́. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ dọ́ba.

Àfi ìgbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀. Mo sùn ti àna mi tó ń hanrun, mo sì ń rò ó pé yàtọ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi, ta ló tiẹ̀ mọ̀ ní gbogbo Èkó pé wọn ò rí mi? Ó dùn mí gan-an.

Lọ́jọ́ tí mo padà sílé ìkàwé, obìnrin náà tẹ̀ síwájú, ó rọra sọ̀rọ̀: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé kò sí o? A ti ń retí yín. Mo bá yín tọ́jú ìwé adìẹ yín."

Ayọ̀ gbà mí lọ́kàn, mo gbàgbé ara mi. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ké: "Ẹ ṣé o, Aunty! Ẹ ò ní sunkún o!"

Gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà, títí kan bàbá oníwèé ìròyìn, ló pòṣé sí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo lọ jókòó sórí àga mi, inú mi ń dùn ṣìnkìn.